Ọwọ́ Lọmọ Kékeré Fi Ń Wòran: Mímú Ọmọ Ọdún Kan sí Mẹ́ta Lọ sí Mùsíọ́ọ̀mù àti Ibi Ìṣeré n'Íbàdàn

Àgbà á dúró síwájú gíláàsì, á ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ère, á mirí. Ọmọ ọdún méjì ò ráyè ìyẹn. Gíláàsì yẹn gan-an ló máa kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá, á fi ahọ́n tọ́ ọ wò, lẹ́yìn náà á ki eré mọ́lẹ̀ gba ibi tí táìsì ti ń dán. Kì í ṣe pé ọmọ náà ò lẹ́kọ̀ọ́. Ọwọ́, ẹnu àti ẹsẹ̀ ni ọmọ ọjọ́ orí yẹn fi ń mọ nǹkan. Ojú nìkan ò tíì tó o. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta jáde, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé kí ni ọwọ́ ọmọ yìí máa rí ṣe níbi tí a ń lọ. Bí kò bá rí ìdáhùn, kó mú nǹkan dání láti ilé, tàbí kó yí ibi tó ń lọ padà.

Mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n dìídì kọ́ kí ọmọ kéékèèké máa fọwọ́ pa nǹkan nínú rẹ̀ ò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa bíi ti òkè òkun, níbi tí wọ́n ti ṣí ti Brooklyn ní Amẹ́ríkà láti 1899. Ohun tí òbí ń rí lò n'Íbàdàn pín sí mẹ́ta. Mùsíọ́ọ̀mù àwọn àgbà wà, irú bíi National Museum of Unity ní Alẹ́ṣinlóyè, tí wọ́n ṣí ní 2002: ìkòkò, ère, ẹ̀wù eégún, ohun èlò ayé àtijọ́, èyí tí ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ọgbà náà wà: ọgbà ẹranko inú Yunifásítì Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948 fún àwọn tó ń kọ́ nípa ẹranko, tó wá di ọgbà gidi ní 1974, àti Agodi Gardens. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ibi ìṣeré inú mọ́ọ̀lù àti ilé oúnjẹ, tí súláìdì, kòtò bọ́ọ̀lù àti bouncing castle (ilé rọ́bà tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ kún kí ọmọ máa fò nínú rẹ̀) wà nínú wọn.

Ibì kan ṣoṣo lójúmọ́. Ẹ má sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti dé Alẹ́ṣinlóyè, ẹ máa kúkú ya Agodi náà. Agbára ọmọ ọdún méjì ò ju ìṣẹ́jú 45 sí 90 lọ níbi ìṣeré. Ní mùsíọ́ọ̀mù onígíláàsì, ìdajì wákàtí ti tó, bó bá sì jẹ́ ìṣẹ́jú 20 ló lò tó sì ń rẹ́rìn-ín, ẹ ti jèrè.

Kí ẹ tó jáde nílé

Ẹ pe ibẹ̀ lórí fóònù ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ má gbára lé ohun tí ẹ kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí àkókò ìṣílẹ̀kùn máa ń yí padà nígbà ọlidé. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa ṣí lọ́la, bóyá ilé ìwé kankan ti sọ pé àwọn ń bọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, àti bóyá omi ń yọ ní ẹ̀rọ ilé ìtọ̀. Ti omi yẹn ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni àwọn èèyàn kì í béèrè. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá nǹkan kan wà tí ọmọ lè fọwọ́ kàn: ìlù, ọlọ, odó. Òṣìṣẹ́ tó bá gbọ́ ìbéèrè yẹn ṣáájú lè bá yín wá nǹkan kan kalẹ̀.

Oorun ọmọ ló ń pinnu aago, kì í ṣe ẹ̀yin. Ọmọ ọdún kan sí méjì nílò oorun wákàtí 11 sí 14 láàárín ọ̀sán àti òru, ọ̀pọ̀ wọn ló sì máa ń sùn lọ́sàn-án ní nǹkan bí aago méjìlá sí aago méjì. Nítorí náà, ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n bá ṣe ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, kí ẹ sì ti máa bọ̀ nílé kí aago méjìlá tó lù. Ẹ fi sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mókọ́lá tàbí ti Ṣángo kún ìṣirò yín. Ọjọ́ tí ẹ ò gbọdọ̀ lọ rárá ni 27 oṣù Karùn-ún, tí í ṣe Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, ọjọ́ Iléyá, ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀, àti gbogbo ọ̀sẹ̀ Kérésì. Ariwo ọjọ́ náà ò burú tó bí àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá tó máa kún orí súláìdì tí ọmọ yín fẹ́ gùn.

Bí ẹ bá wọ takisí Micra, ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ san owó èèyàn méjì kí wọ́n má bàa há yín mọ́ra. Ẹ má gbé ọmọ síwájú, ẹ má sì fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo so ẹ̀yin àti òun pọ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣàdédé dúró, ara yín ló máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ bẹ́líìtì. Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, àárín ni kí ọmọ wà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ibi tó ṣí sílẹ̀. Ẹ má gbé e gun ọ̀kadà.

Kẹ̀kẹ́ ọmọ tí wọ́n ń tì ò wúlò púpọ̀ níbi tí àtẹ̀gùn àti òkúta wẹ́wẹ́ bá wà. Ọ̀já ni kí ẹ mú. Ẹ̀yìn ni ọmọ ti ń wo nǹkan ní gíga ojú àgbà, ibẹ̀ náà ni yóò sùn sí nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́, ọwọ́ yín méjèèjì á sì ṣófo.

Inú àpò: pámpásì 3, aṣọ ìpààrọ̀ kan àti ṣòkòtò 2, ọ̀rá dúdú 2 fún ohun tó bá bàjẹ́, aṣọ ìnuwọ́ kékeré, omi mímu nínú ife rẹ̀, àti píọ́ wọ́tà 2 fún ọwọ́ fífọ̀. Omi ẹ̀rọ lè tán, ẹ má gbọ́kàn lé e. Ẹ já etí píọ́ wọ́tà díẹ̀ báyìí kí omi máa ṣàn tín-ín-rín, ẹ bomi rin ọwọ́ ọmọ, ẹ fi ọṣẹ pa á fún ìṣẹ́jú-àáyá 20, ẹ ṣàn án. Ọ̀rá kan tó jẹ́ 50cl máa tó ọwọ́ fífọ̀ bíi mẹ́ta bí ihò rẹ̀ bá kéré. Ẹ gé ọṣẹ wẹ́lẹ́, ẹ kó o sínú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́, ẹ ta á ní kókó. Kò ní yọ̀ bọ́. Sanitáísà ò lè rọ́pò ọṣẹ nígbà tí ọwọ́ bá ti dọ̀tí tàbí tí ọmọ bá ti fọwọ́ kan ohun tó wà lọ́dọ̀ ẹranko.

Aṣọ tó dé orúnkún ni kó wọ̀, torí súláìdì tó gbóná, àti bàtà tó ní ìdè, kì í ṣe sìlípáàsì. Ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀, ẹ yọ okùn ara fìlà aṣọ rẹ̀, ẹ sì tú ìlẹ̀kẹ̀ tó bá wà ní etí irun. Okùn máa ń há síbi ìgùn, ìlẹ̀kẹ̀ sì máa ń já sẹ́nu. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sórí pílásítà funfun, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú aṣọ rẹ̀ ní ẹ̀yìn ọrùn, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò ti ní dé. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó jáde lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀ lára. Bó bá sọnù, apá aṣọ pupa tàbí ṣòkòtò búlúù tí ẹ gbàgbé nínú ìjayà wà nínú fọ́tò yẹn.

Oúnjẹ: mọ́ínmọ́ín, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, búrẹ́dì, iṣu sísè tí ẹ gé ní gígùn. Ẹ fi ẹ̀pà, gúgúrú, ìrèké, súwíìtì àti àgbálùmọ̀ sílé. Kóró àgbálùmọ̀ ń yọ̀, ó sì tóbi tó gẹ́lẹ́ láti dí ọ̀nà èémí. Ìjókòó ni kó ti jẹun, kì í ṣe orí ìrìn. Bí nǹkan bá há a lọ́fun tó sì ń wúkọ́ tàbí tó ń sunkún, ẹ jẹ́ kó máa wúkọ́. Bí ohùn ò bá jáde mọ́, tí kò lè wúkọ́, ẹ dà á dojú bolẹ̀ lórí itan yín, kí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ díẹ̀, ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá bọ́, ẹ kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi ìkúùkù sáàárín ìdodo àti eegun àyà, ẹ fà á sínú, sókè, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ máa ṣe é ní àṣepààrọ̀, kí ẹlòmíì ti máa wá ọkọ̀. (Ọmọ tó ti lé lọ́dún kan nìyí fún, ti ọmọ ọwọ́ yàtọ̀, a kì í tẹ̀ ẹ́ níkùn.) Ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu, ẹ má sì ki ìka bọ ẹnu rẹ̀ láti máa wá ohun tí ẹ ò rí.

Àpò ìfọwọ́kàn

Òṣìṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù á ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án, wọn ò sì jẹ̀bi: òógùn àti òróró ọwọ́ ń ba igi, aṣọ àti irin àtijọ́ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ò ní lóye ìyẹn. Tirẹ̀ ni kí nǹkan wà lọ́wọ́ òun náà. Ẹ mú àpò aṣọ kan, kí ẹ kó nǹkan márùn-ún péré sí i, tó jọ ohun tí ẹ máa bá lẹ́yìn gíláàsì.

Igbá kékeré tí wọ́n fín lára dára. Ìkòkò amọ̀ tuntun tí kò ju ìkúùkù àgbà méjì lọ dára. Àjákù aṣọ òkè, ìwọ̀n ìdásí fìlà, bí ẹ bá ti ṣẹ́ etí rẹ̀ kó má bàa tú. Ìkarawun ìgbín ńlá kan tí ẹ ti sè, tí ẹ ti fi kànrìnkàn fọ̀, tí etí rẹ̀ ò sì ṣá. Abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi ìko hun. Ọmọlangidi onígi ni ọmọ máa ń fẹ́ràn jù, ẹ lè fi rọ́pò èyíkéyìí nínú wọn, bí kò bá ti sí ẹ̀gún igi lára rẹ̀ àti pé ọ̀dà ara rẹ̀ kì í ṣí.

Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ yege ìdánwò kan. Ẹ mú páálí róbótó tó máa ń kù nínú tísù ilé ìtọ̀. Ohun tó bá lè gba inú rẹ̀ kọjá, ó lè dí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta lọ́fun. Owó ẹyọ gba ibẹ̀. Ọmọ ayò gba ibẹ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kékeré máa ń dùn mọ́ wọn, àmọ́ ẹ fa ẹyọ ara àwọ̀n rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbé e fún un; èyí tí okùn rẹ̀ bá ti gbó, ilé ló ń gbé. Báńtìrì kékeré róbótó inú ohun ìṣeré oníná burú ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, torí ó lè jó ọ̀fun láàárín wákàtí méjì. Ẹ má mú irú ohun ìṣeré bẹ́ẹ̀ wá àfi bí wọ́n bá fi ìdè onískúrúù ti ilé báńtìrì rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń wọlé, ẹ ṣí àpò náà han ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Igbá ọmọ mi rèé, ilé ni mo ti gbé e wá." Bí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí ẹ wá ń gbé igbá fífín jáde ní mùsíọ́ọ̀mù, wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti bi yín léèrè.

Lílò rẹ̀ rọrùn, ṣùgbọ́n ó ní bó ṣe tò. Ojú ibi mẹ́ta péré ni ẹ máa dúró sí nínú gbogbo ilé náà. Ẹ gbé ọmọ dé iwájú ìkòkò, kí ojú rẹ̀ bá a dọ́gba, torí àwọn tó pàtẹ nǹkan wọ̀nyẹn, àgbà ni wọ́n fi wọn gíga rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wò ó níwọ̀n bó bá ṣe fẹ́. Ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lè jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ wá jókòó sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kúrò lójú ọ̀nà, kí ẹ mú ìkòkò tirẹ̀ nìkan jáde. Ìjókòó ló ṣe kókó níbí: ìkòkò tó bá já láti ìdúró sórí táìsì máa di àfọ́kù tó mú.

Ẹ má kó àlàyé ìtàn bá a. Ọ̀rọ̀ tó bá ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń rí mu ni kí ẹ sọ. "Ìkòkò. Ó rí pálapàla. Inú ẹ̀ ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Gbá a: pó, pó." Aṣọ òkè rí ṣákiṣàki, ìkarawun tutù nini. Irú ọ̀rọ̀ báyìí, tó ń dún bí nǹkan ṣe rí, tètè máa ń lẹ̀ mọ́ ọmọ lẹ́nu ju orúkọ ọba àti ọdún lọ. Lọ́la ẹ máa gbọ́ ọ níbi tí ó ti ń pe ìkòkò ilé ní pó-pó. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ju nǹkan, ó ti tó. Ẹ dá a padà sápò, ẹ kọjá síbi kejì.

Ẹ̀wù eégún àti ère olójú ńlá ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ọmọ láàárín ọdún kan ààbọ̀ sí mẹ́ta, torí ojú èèyàn tí kì í mira ò yé wọn. Kí ó wà lẹ́yìn yín nígbà tí ẹ bá ń kọjá, kí ẹ jẹ́ kó wò ó láti òkèèrè. Bó bá fi ojú pamọ́ sẹ́yìn ọrùn yín, ẹ yí padà. Àwọn kan á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní "wò ó, ó ń bọ̀ wá gbé ẹ!" Ẹ̀rín ọ̀sán yìí, òru ni ẹ máa san án.

Níbi ìṣeré

Kí ẹ tó tú ọmọ sílẹ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún yí ibẹ̀ ká pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹnu ọ̀nà mélòó ló ní, géètì rẹ̀ sì ń tì? Kí ló wà nílẹ̀ abẹ́ súláìdì: iyanrìn, fóòmù, àbí kọnkéré lásán? Ìṣó tàbí nọ́ọ̀tì kankan yọrí síta? Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan irin ibẹ̀. Èyí tí ẹ̀yìn ọwọ́ yín ò bá lè fara dà fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún máa jó itan ọmọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ irin tó wà nínú oòrùn máa ń rí kí aago mọ́kànlá tó lù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jókòó sáàárín ọmọ àti ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe sórí àga tó tura jù.

Ẹ má gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ yọ̀ lórí súláìdì. Èyí máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu, torí ó dà bíi pé ó fọkàn balẹ̀ ju kí ó dá yọ̀ lọ. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé bàtà ọmọ á há mọ́ etí súláìdì, ara àgbà tó wúwo á sì máa tì í lọ sísàlẹ̀, eegun ojúgun á wá yí, á là. Bó bá jẹ́ òun nìkan ni, ẹsẹ̀ á há, á dúró, ó parí. Nítorí náà, ẹ wá èyí tí kò ga ju àyà yín lọ, kí ó fi ìdí jókòó, kí ẹsẹ̀ ṣáájú, kí ẹ̀yin rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ nítòsí. Bí ọmọ ò bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tó yọ̀, bí kò tilẹ̀ wú, ilé ìwòsàn ló kàn.

Jangilọ́fà kì í sábà ṣe ẹni tó wà lórí rẹ̀ léṣe. Ẹni tó ń kọjá níwájú rẹ̀ ni. Ẹ fi ìṣísẹ̀ ńlá mẹ́ta jìnnà sí i níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ di ọmọ tó ń rìn mú nígbàkigbà tí ẹlòmíì bá wà lórí rẹ̀. Ìjókòó tó dì í yí ká ni ọmọ tí kò tíì pé mẹ́ta lè lò. Pákó pẹrẹsẹ ò tọ́ sí i.

Bouncing castle ni ó yẹ kí ẹ fura sí jù. Bí ọmọ ọdún mẹ́jọ bá fò, afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sá lọ sábẹ́ ọmọ ọdún méjì, á sì jù ú sókè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ dúró kí àwọn ńlá jáde, tàbí kí ẹ bẹ ẹni tó ń ṣọ́ ọ pé kó fún àwọn kéékèèké ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tiwọn. Ọ̀pọ̀ wọn máa gbà bí ẹ bá fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fi okùn dè é mọ́lẹ̀: gbogbo ojú okùn ló gbọ́dọ̀ ní ìkànlẹ̀ tàbí àpò iyanrìn. Bí atẹ́gùn òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e jáde, ẹ má dúró de ẹ̀kán. Ẹ wo ibi tí iná rẹ̀ ti ń wá pẹ̀lú. Bí NEPA bá mú iná lọ tàbí tí epo jẹnẹrétọ̀ bá tán, ilé náà á rọ sórí àwọn tó wà nínú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí ariwo fáànù rẹ̀ yí padà, ẹ ti dìde.

Nínú kòtò bọ́ọ̀lù, ẹ ki ọwọ́ dé ìsàlẹ̀ kí ọmọ tó wọ̀ ọ́. Ẹ máa rí pín-ìnnì irun, owó kọ́ìnì, súwíìtì tí wọ́n ti lá, nígbà míì ohun tó tutù tí ẹ ò ní fẹ́ mọ̀ bó ṣe débẹ̀. Bó bá tutù, ẹ wá ibòmíì. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ọmọ yín ti ṣeré, torí àwọn ńlá kì í wo ibi tí wọ́n ń bẹ́ sí, ọmọ tí bọ́ọ̀lù bò mọ́lẹ̀ ò sì hàn.

Iyanrìn dára gan-an fún wọn, bí ẹ bá ti fi ọwọ́ tàbí igi tú u wò jìn tó nǹkan bí ìka mẹ́rin fún ìgbẹ́ ajá, ìgbẹ́ ológbò àti àfọ́kù ìgò. Bàtà kì í bọ́ níbẹ̀. Aràn kan wà tó ń gba awọ ẹsẹ̀ wọlé láti inú ilẹ̀ tí ìgbẹ́ wà. Ẹ mú ife méjì àti ṣíbí kan dání. Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ lè máa da iyanrìn láti ife kan sí èkejì fún ìṣẹ́jú 20, kó máa tú u dànù, kó máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kọ́ ọ ní ohun tó "yẹ" kó fi ife ṣe, iṣẹ́ ló ń ṣe yẹn. Ní tòsí omi, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Omi tó jìn tó ìka mẹ́ta lè gba ẹ̀mí ọmọ tó ṣubú dojú kọ ọ́, kì í sì í pariwo. Nítorí náà, létí adágún Agodi tàbí létí ọpọ́n omi lásán, ẹ wà níbi tí ọwọ́ yín ti lè kàn án láì gbé ẹsẹ̀, kí fóònù sì wà nínú àpò.

Ìjà lórí ohun ìṣeré máa wáyé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta máa ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ míì ni, kì í ṣe pẹ̀lú rẹ̀, pínpín nǹkan ò sì tíì yé e. Àgbà kan níbẹ̀ á sọ pé "gbé e fún un, àbúrò ẹ ni." Ọ̀rọ̀ ìtura ni, àmọ́ ọmọ tó wà lórí rẹ̀ ṣáájú kọ́ nǹkan kan pé ẹni tó bá ké ló ń gbà. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni kíkà: "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí i, lẹ́yìn náà ó kan àbúrò." Ẹ kà á sókè pẹ̀lú ìka, kí ìyá ọmọ kejì náà gbọ́. Bí ọmọ yín bá bu ẹlòmíì jẹ, ọmọ tí ó bù jẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí, kí ẹ bẹ ìyá rẹ̀, kí ẹ wá gbé tiyín kúrò níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má bú u lójú gbogbo ayé.

Ẹ má sì fi ọwọ́ kan ṣoṣo fa ọmọ sókè tàbí kí ẹ fi wọ́ ọ kúrò nídìí súláìdì. Eegun ìgbọ̀nwọ́ ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin máa ń tètè yẹ̀ kúrò nínú okùn tó dì í mú. Ọwọ́ náà á rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á tẹ̀ díẹ̀, kò ní fẹ́ fi mú nǹkan, ó sì lè má wú rárá. Ẹ má fi òróró fà á, ẹ má gbé e lọ fún ẹni tó ń to eegun. Ní ilé ìwòsàn UCH tàbí Adéọ̀yọ́, dókítà á dá a padà láàárín ìṣẹ́jú péréte, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì máa ń fi ọwọ́ náà gba bísíkíìtì kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Abẹ́ abíyá méjèèjì ni a ti ń gbé ọmọ.

Bó bá jẹ́ ọgbà ẹranko UI ni ẹ lọ, òwúrọ̀ ni ẹran máa ń rìn. Tí oòrùn bá mú, sísùn ni wọ́n ń sùn. Ẹ má gbé ọmọ sókè kọjá irin, ẹ má jẹ́ kó ki ìka bọ àwọ̀n, ẹ má sì jẹun nítòsí ọ̀bọ, nítorí ọwọ́ wọn yá ju tiyín lọ. Ọwọ́ fífọ̀ kó tó kan bísíkíìtì.

Kíkúrò níbẹ̀

"Ìṣẹ́jú márùn-ún" kò túmọ̀ sí nǹkan kan fún ọmọ ọdún méjì. Ohun tó lè rí ni kí ẹ fi kà: "Ó ku ìyọ̀ mẹ́ta." Ìyọ̀ kan, ẹ ká ìka kan. Nígbà tó bá kù ẹyọ kan, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ìkẹyìn nìyẹn, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹyọ kan kún un torí ẹkún, ẹkún á pọ̀ sí i lọ́jọ́ mìíràn. Lẹ́yìn náà, kó dágbére fún nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan: ó dàbọ̀ súláìdì, ó dàbọ̀ iyanrìn. Ẹ ti pa mọ́ínmọ́ín mọ́ títí di ìgbà yìí, ẹnu ọ̀nà ni ẹ sì máa ti yọ ọ́.

Ẹ má purọ́ pé ẹ ń padà bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má sì sọ pé sọ́jà tàbí ọlọ́pàá ẹnu géètì máa mú un. Ọkùnrin ẹnu géètì yẹn ni ẹ fẹ́ kó sá bá bó bá sọnù.

Bó bá wó lulẹ̀ tó ń tapá, ẹ má bá a jiyàn níbẹ̀. Ẹ gbé e, ẹ pọ̀n ọ́n, ẹ so ọ̀já dáadáa, ẹ máa rìn. Ọ̀pọ̀ wọn á ti dákẹ́ kí ẹ tó dé títì, àwọn míì á ti sùn kí Micra tó dé Mókọ́lá.

Nílé, ọwọ́ àti ojú fífọ̀ ló ṣáájú, lẹ́yìn náà aṣọ pípààrọ̀. Ẹ wo àárín ìka ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn etí rẹ̀ fún iyanrìn àti ẹ̀gún. Bí ibà bá gbé e láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí ìléròrò sì sú sí àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ àti inú ẹnu rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì má padà sí ibi ìṣeré títí ara rẹ̀ á fi yá. Àrùn kan tó máa ń ràn láàárín àwọn ọmọ kéékèèké lórí ohun ìṣeré máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá tún máa lọ, ibi kan náà ni kí ẹ padà sí. Àgbà ló ń sú. Ọmọ máa sáré lọ tààrà sídìí ohun tó fi ọwọ́ pa lọ́jọ́ kìn-ín-ní, á tún un ṣe bíi ìgbà mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ló máa tó wo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.